Rédíò Mẹ́rin

Ọdún kẹtàdínlógún rèé tí ṣọ́ọ̀kì ti ń gbẹ mí lọ́wọ́
nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Òkè Ẹlẹ́rìn.
Mo mọ ọmọ tí kì í jókòó.
Mo mọ ọmọ tó ń ka ewé káṣú lójú fèrèsé
nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń ka àkàyé.
Mo nà wọ́n. Ẹ jẹ́ n sọ ọ́ bó ṣe rí:
mo nà wọ́n, mo ní oríkunkun ni.
Lẹ́yìn náà ni mo bí Láyíwọlá.

Ọmọ ọdún mẹ́jọ. Bàtà ẹsẹ̀ kan ló sábà máa ń wọ̀ bọ̀ wálé.
Ó dìde nídìí oúnjẹ pé òun fẹ́ bu omi,
ó pàdé ewúrẹ́, ó bá ewúrẹ́ lọ,
ife wà lórí ògiri di ọjọ́ kejì.
Ó já mọ́ mi lọ́wọ́ ní Tákíẹ́, ó sáré sọdá títì;
igbe táyà yẹn kò tíì kúrò létí mi.
Lálẹ́, tó bá ń sunkún pé òun ò mọ̀ ọ́n ṣe,
ẹkún àgbà ló máa ń sun.

Ìyá ọkọ mi ní, "Bàbá àgbà rẹ̀ náà kò lè jókòó.
Ẹsẹ̀ yẹn ló gbé e dé Tàmálè,
òun ló kọ́ ilé tí ẹ ń gbé.
Ẹ ó wá fi oògùn so ẹsẹ̀ ọlà mọ́lẹ̀?"
Pásítọ̀ ní ká gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta.
A gbà á. Ẹnu gbẹ. Bàtà kan tún sọnù.
Àbúrò mi ní ọmọ ọ̀rẹ́ òun lo oògùn náà, ó gba ipò kìíní.
Aládùúgbò ní ọmọ ọ̀rẹ́ òun lò ó, ó di ère.
Ọmọ ọ̀rẹ́ pọ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́;
n ò rí ọ̀kan sójú nínú wọn.

Bàbá rẹ̀ pè láti Jẹ́bbà, tírélà ń kùn lẹ́yìn rẹ̀:
"Ohun tí o bá ṣe, mo fara mọ́ ọn."
Mo ní rárá o. Ẹrù yìí, orí méjì ni yóò rù ú.

Mo fa ìwé yọ, mo kọ ìbéèrè bí iṣẹ́ àṣetiléwá:
Ṣé yóò jẹun? Ṣé yóò sùn?
Àyà rẹ̀ ńkọ́, nítorí ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀
tó ṣubú lórí pápá tí kò dìde mọ́?
Bí a bá bẹ̀rẹ̀, ṣé a lè dúró?
Èló ni lóṣù? Bí kò bá sí lọ́jà ńkọ́?
Ṣé yóò ṣì máa sín mi jẹ níwájú dígí?

Dókítà Fáníyì ka gbogbo rẹ̀, kò rẹ́rìn-ín.
Ó wọ̀n ọ́n, ó fetí sí àyà rẹ̀ pẹ́ títí.
"Ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá yìí, ẹ ṣeun tí ẹ sọ ọ́.
N ò ní í kọ oògùn kankan títí a ó fi yẹ àyà yìí wò."
Ó ní kì í wo ọmọ sàn bí ibà ṣe ń sàn;
ó lè ràn án lọ́wọ́, ó sì lè má bá a lára mu,
ó lè dín oúnjẹ kù, ó lè lé oorun.
Bí ẹ bá gbà, láti kékeré la ó ti bẹ̀rẹ̀,
a ó máa wọ̀n ọ́n, ẹ ó máa kọ ohun tí ẹ rí sílẹ̀,
ẹ má dá a dúró láìpè mí.
"Oògùn nìkan kọ́ o. Ìjókòó iwájú. Iṣẹ́ díẹ̀díẹ̀.
Olùkọ́ tí kì í gbé pàṣán."
Mo wolẹ̀.

Ó wá yíjú sí ọmọ: "Ìwọ ńkọ́, báwo ló ṣe rí nínú orí rẹ?"
Láyíwọlá ti tú bírò dókítà palẹ̀.
"Bíi rédíò mẹ́rin, gbogbo wọn ń sọ̀rọ̀ pọ̀.
Ṣùgbọ́n ẹ má pa gbogbo ẹ̀ o.
Èyí tó ń sọ bọ́ọ̀lù dùn."

A kò tíì gbà, a kò tíì kọ̀.
Ọjọ́ Ẹtì ni àyẹ̀wò àyà;
bàbá rẹ̀ ní òun yóò fi tírélà sílẹ̀ wá.
Láàárọ̀ òní mo wọ kíláàsì,
mo gbé àga Tìámíyù wá síwájú,
Tìámíyù tó ń ka ewé káṣú.
Mo bi í pé, mélòó ni?
Ó wo ọwọ́ mi ná, bóyá nǹkan wà níbẹ̀.
"Àǹtí, mo ti dé igba ó lé méje kẹ́ ẹ tóó pè mí."